Abẹ́rẹ́, Wẹ́dà àti Ìwé Ìgbéyàwó Àǹtí

Abẹ́rẹ́ kó àwọn ìwé náà jọ, ó gbá etí wọn mọ́ tábìlì títí tí gbogbo wọn fi dọ́gba, ó wá fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó dá ihò sí igun wọn. Ó ki òwú pupa bọ ojú abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rán. Oòrùn ọ̀sán ti ń rọlẹ̀; ó gba àárín kọ́tìnnì wọlé, ó na ara rẹ̀ sórí ìwé náà bí ẹni tó rẹ̀, eruku wẹ́wẹ́ sì ń léfòó nínú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ògbufọ̀ àgbà tó ni ọ́fíìsì náà ló fún un lórúkọ yẹn, nítorí pé láti ìgbà tó ti gbà á síṣẹ́, kò tíì rí ìwé kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde tó tú. Ògbufọ̀ a máa túmọ̀ ìwé àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò sí èdè ibi tí wọ́n ń lọ. Abẹ́rẹ́ a wá rán ìtumọ̀ náà mọ́ ìwé gangan, a so kókó òwú sẹ́yìn, a lẹ pépà pupa roboto lé kókó náà lórí. Lẹ́yìn náà ni Ògbufọ̀ á lu òǹtẹ̀ rẹ̀, ìdajì lórí pépà pupa, ìdajì lórí ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ojú ewé kan, àfi kó já òwú. Ẹni tó bá já òwú, àfi kó ya òǹtẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ Abẹ́rẹ́ nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Òwú lásánlàsàn ni, ṣùgbọ́n kò sí bí irọ́ ṣe lè gba àárín rẹ̀ kọjá kó má fi ojú hàn.

Ọkùnrin tó ni ìwé tòní jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó gbòòrò léjìká, ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ sì kún fún ihò wínníwínní, bí ibi tí iná ti ta sí aṣọ.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kí ló dé tí ẹ fi dá òwú náà padà sínú ihò àárín?"

"Kí kókó lè bọ́ sẹ́yìn ni. Tó bá wà níwájú, àwọn èèyàn á máa fọwọ́ ṣeré níbẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi náà nìyẹn. Irin lèmi ń rán."

"Irin kẹ̀?"

"Wẹ́dà ni mí. Tí mo bá so irin méjì pọ̀, ẹni tó bá ní òun fẹ́ yà wọ́n, ibòmíràn ni irin náà máa kán sí. Ojú ibi tí mo ti rán an kì í já."

"Ẹnu yín dùn. Àbí ẹnu náà lẹ fi ń yọ́ irin?"

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín sábẹ́ awò ojú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ so kókó, ó lẹ pépà pupa, ó gbé ìwé náà fún ọ̀gá rẹ̀ kó lu òǹtẹ̀. Nígbà tó wá ń fà á lé Wẹ́dà lọ́wọ́, kò tètè jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o. Ẹ má tú òwú yìí. Bí bàbá yín bá tilẹ̀ ní kẹ́ ẹ tú u, ẹ ní rárá. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tú u ló kú."

"Mo gbọ́, ọ̀gá mi."

Kò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tó fi padà dé, tó gbé ìwé náà sí àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni gbé ẹyẹ tó ti kú. Òwú ti jáde, pépà pupa ti ya.

"Mo fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì ni," ó ní. "Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló tú u, ó ní ojú ewé kò ní tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo kàn bá a di etí kan mú."

"Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ó fà á gbà, inú ń bí i, ẹ̀rín sì tún ń pa á. "Ẹ jókòó kí n sọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún yín, kẹ́ ẹ má baà tún bá ẹnikẹ́ni di etí kankan mú mọ́. Ìyá tó jókòó sí wíńdò ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kì í ka ìwé yín. Kò kàn án bí ẹ mọ irin jó tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ni àpẹẹrẹ ọwọ́ gbogbo àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti fọwọ́ síwèé wà. Á wo ọwọ́ ọ̀gá wa lórí ìwé yín, á wo èyí tó wà nínú dúrọ́ọ̀. Tí wọ́n bá jọra, á lu òǹtẹ̀. Ohun tí òǹtẹ̀ yẹn ń sọ kò ju pé, ‘Mo mọ ọwọ́ ọkùnrin yìí.’ Tẹ́ ẹ bá dé ẹ́ńbásì, wọ́n á wo ọwọ́ ìyá náà, wọ́n á ní, ‘Àwa mọ ọwọ́ obìnrin yìí.’ Tẹ́ ẹ bá wá dé òkè òkun, ẹni tí kò mọ ẹnì kankan níbí á rí ọwọ́ ẹ́ńbásì ìlú rẹ̀, á ní, ‘Wọlé.’ Tí ẹnì kan bá yọ ọwọ́ rẹ̀ láàárín, gbogbo rẹ̀ ló já."

Wẹ́dà wo òwú tó jáde náà. Lẹ́yìn náà ló ní, "Bí ìgbà tí àwọn èèyàn bá tò láti ibí dé ọ̀hún, tí oníkálùkù di ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ mú, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ju ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ."

Abẹ́rẹ́ dáwọ́ dúró. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó tíì bi í bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ẹni tó máa rí i tán bẹ́ẹ̀. Ó tún ìwé náà rán, ó sì ṣàkíyèsí pé òun kò kánjú.

Nígbà tí Wẹ́dà tún dé, tí òwú tún ti jáde, Abẹ́rẹ́ dìde dúró.

"Oní fọ́tòkọ́pì náà tún ni?"

"Rárá."

"Ta ló tú u?"

"Èmi ni."

"Pẹ̀lú ọwọ́ ara yín?"

"Pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Mo ti fẹ́ gbé e lọ sí wíńdò yẹn, mo wá rò ó pé bí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀ báyìí, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ wá ṣe níbí."

Ògbufọ̀ húkọ́. Ó ní òun ń wá nǹkan kan nínú yàrá ẹ̀yìn, yàrá tí kò sí ohun tí èèyàn lè wá níbẹ̀ ju ìgbálẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ wo ọkùnrin náà títí. Ohun kan ń rìn lọ́kàn rẹ̀, ó rọra bí ìgbà tí omi bá ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

"Jókòó," ó ní níkẹyìn. Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́.

Òun fúnra rẹ̀ ló bá a gbé ìwé náà lọ ní ìgbà kẹta yẹn, ó ní òun kò fi ìwé òun sílẹ̀ lọ́wọ́ apààyàn. Òjò ń rọ̀. Wọ́n jókòó sínú gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn ti ń retí, lẹ́bàá gíláàsì ńlá tí omi ń ṣàn lára rẹ̀, gbogbo ìgboro tó wà níta sì ń mì nínú omi náà bí ohun tí èèyàn rí lójú oorun. Wẹ́dà ń sọ bí iná ṣe rí lábẹ́ gíláàsì dúdú tí òun fi ń bojú, bí irin ṣe máa ń di omi fún ìṣẹ́jú kan kó tó rántí pé irin ni òun. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́, kò sì gbọ́. Wọ́n pe nọ́ńbà wọn kọjá, àwọn méjèèjì kò mọ̀.

"Iṣẹ́ ti dé," ni Wẹ́dà wí nígbà tí wọ́n tún gba nọ́ńbà mìíràn. "Ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Kí òjò ọdún yìí tó dáwọ́ dúró ni mo máa lọ."

"Ìyẹn dáa."

"Bá mi lọ. Kì í ṣe báyìí o. Jẹ́ kí n fẹ́ ẹ ná, kí o wá wá bá mi."

Abẹ́rẹ́ wo omi lára gíláàsì. Ìwé ìlú náà ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá títí tí kò fi lè ka iye rẹ̀ mọ́. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ pé wọ́n bíni ní èdè wọn, ó mọ pé wọ́n gbéyàwó, ó mọ pé wọ́n kú. Ṣùgbọ́n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn láàárọ̀. Ó ń bẹ̀rù, ó sì ń fẹ́ mọ̀ ọ́n.

"Lọ rí bàbá mi," ó ní.

Kí Wẹ́dà tó rí Bàbá, Àǹtí ti rí i lójú Abẹ́rẹ́. Àbúrò Bàbá ni Àǹtí, òun ló tọ́ Abẹ́rẹ́ dàgbà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó bá a nídìí ẹ̀rọ omi, tí ike ti kún tó ń dànù.

"Ta ni?" ni Àǹtí béèrè.

"Ta ni ta ni?"

"Ẹni tó ń jẹ́ kí omi wa máa ṣòfò. Sọ fún mi kí n lè bá ẹ bá bàbá ẹ sọ̀rọ̀, nítorí tó bá jẹ́ ìwọ lo máa sọ ọ́, o ò ní mọ ibi tó o máa bẹ̀rẹ̀."

Télọ̀ ni Bàbá. Ìdí máṣíìnì ló wà nígbà tí Àǹtí mú Wẹ́dà wọlé. Wẹ́dà tẹríba, ó kí i. Bàbá wo ṣẹ́ẹ̀tì ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀.

"Ta ló ń ránṣọ fún ẹ, ọmọ mi? Àbí iná ló ń bá ẹ ṣe ọnà sí i?"

"Iṣẹ́ ni, bàbá."

"Iṣẹ́ ò burú. Ọ̀lẹ ni aṣọ rẹ̀ kì í lu." Bàbá tẹ máṣíìnì, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó béèrè ìyá tó bí i, ó béèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó ń mi orí. Ara Abẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ti ń balẹ̀. Ìgbà tí Wẹ́dà dárúkọ ìlú tó ń lọ ni ẹsẹ̀ Bàbá kúrò lórí pẹ́dà. Máṣíìnì dákẹ́.

"Rárá," ni Bàbá wí.

"Ẹ̀gbọ́n mi—" Àǹtí fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Mo ní rárá. Iṣẹ́ rẹ dáa, ìwọ náà dáa. Ìlú yẹn ni mi ò gbà."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí àwọn méjèèjì lè sá lọ ṣe lẹ́yìn Bàbá. Ìlú tí Wẹ́dà ń lọ kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé bí ìyàwó àfi tí òbí rẹ̀ bá búra ní kóòtù pé kò ní ọkọ níbòmíràn, tí ìbúra náà sì gba ọ̀nà gbogbo àwọn òǹtẹ̀ yẹn kọjá. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti kú. Bàbá nìkan ló kù tó lè búra. Bí kò bá búra, kò sí ìgbéyàwó.

"Mo ti fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó kan rí nítorí ìlú yẹn," ni Bàbá wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ, tó bá rí ekòló, á sá. Mi ò tún fọwọ́ sí òmíràn."

Gbogbo ilé mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tí Àǹtí wà lọ́mọge, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú kan náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ irin ti máa ń ríṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n gbé pọ̀ dáadáa. Òfin ìbúra kò tíì sí nígbà náà, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n ní nǹkan kan, nítorí níwọ̀n ìgbà tí ara bá le, ìfẹ́ kì í gbé ìwé lọ́wọ́ kiri. Ọjọ́ tí ọkọ dùbúlẹ̀ sí ọsibítù ni wọ́n tó bi í pé, "Kí lẹ jẹ́ sí i?" Ó ní ìyàwó rẹ̀ ni òun. Wọ́n ní kó mú ìwé wá. Ó mú un wá, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọn kò rí òǹtẹ̀ kan tí wọ́n mọ̀ lára rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò mọ ìwé náà rí. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Àǹtí wà tí ọkọ rẹ̀ fi kú. Àwọn aráàlú náà ló sin ín. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ sójú oórì, bí ẹni tí kò ní ẹnì kankan. Àǹtí padà wálé, ó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pọ̀n, kò sì dárúkọ ọkọ rẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Abẹ́rẹ́ wọ yàrá Àǹtí, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìwé yẹn."

Àǹtí wò ó títí, ó wá fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwé náà ń dán yanranyanran. Wọ́n ti fi rọ́bà bò ó níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n fi iná lẹ ẹ́ pa.

"Ta ló ṣe láminéètì rẹ̀?"

"Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ tí a ṣègbéyàwó. Mo ní kí omi má bà á, kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Mi ò ní ohun kan láyé tó níyì tó o."

"Ṣé ẹ gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè kẹ́ ẹ tó rìnrìn àjò?"

"Mo gbé e lọ. Ọkùnrin kan lu òǹtẹ̀ lé e, íǹkì náà ò dúró, ó ń yọ̀ lórí rọ́bà bí omi lórí ewé kókò. Ó ní òun ò lè tẹ èyí. A ti di ẹrù tán, ọ̀nà ń pè wá. Mo ní ṣebí ìwé ni ìwé ń jẹ́." Àǹtí fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rọ́bà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí eruku níbẹ̀. "Ṣé mo ṣe é ní àṣìṣe ni?"

Abẹ́rẹ́ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ló bo ìwé yẹn. Ìfẹ́ náà ló bò ó títí tí ẹlẹ́rìí kankan kò fi rí ibi fọwọ́ kàn.

Ó gbé e lọ bá Bàbá nídìí máṣíìnì, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo ọwọ́ yín."

"Mo mọ ọwọ́ mi. Àwọn ni wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Wọn ò lè mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó yẹ kó dúró lẹ́yìn yín, kó ní ‘mo mọ ọwọ́ yìí,’ òun ni kò ráyè tẹ òǹtẹ̀. Ọwọ́ yín ò purọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́rìí sí òótọ́. Ọ̀nà ló já láàárín."

Bàbá gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ lábẹ́ rọ́bà, ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin, tí ìrù lẹ́tà rẹ̀ ga tó sì fò sókè. Ọdún mélòó ló ti ń gbé ẹrù yẹn, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni?

"Ìwọ àti wẹ́dà yẹn, ẹ ní ẹ mọ ọ̀nà yìí, àbí?" ó ní.

"A mọ̀ ọ́n."

"Ẹ mú ìwé àbúrò mi gbà á. Ọjọ́ tí ìlú yẹn bá pe àbúrò mi ní ìyàwó ọkọ rẹ̀, ọjọ́ náà ni màá búra fún ẹ."

"Tí wọn ò bá pè é ńkọ́?"

"Ìwọ àti èmi á jọ máa gbọ́ ariwo máṣíìnì yìí lọ nìyẹn."

Rọ́bà kò ṣe é bó láìya ìwé, nítorí náà kóòtù tó so wọ́n pọ̀ ló gbọ́dọ̀ fún Àǹtí ní ẹ̀dà tuntun, kò sì ní fún un àfi tí òun àti ẹlẹ́rìí bá fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Bàbá wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dáa jù. Akọ̀wé bi Àǹtí ní orúkọ ọkọ rẹ̀. Àǹtí yíjú wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí wá pe orúkọ náà, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń jí ẹni tó sùn, akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Bàbá fọwọ́ sí i. Ìrù lẹ́tà náà ṣì fò sókè bíi ti àtijọ́.

Ìwé tuntun náà ṣì gbóná láti inú ẹ̀rọ. Àǹtí gbé e mọ́ àyà.

"Ṣé kí n wá nǹkan fi bò ó díẹ̀—"

"Rárá!" ni Bàbá, Abẹ́rẹ́ àti akọ̀wé pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún ní gbàgede kóòtù.

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, Abẹ́rẹ́ rán an, ìyá tó wà ní wíńdò mọ ọwọ́ Ògbufọ̀. Ẹ́ńbásì ló gbà á, tí kò tètè dá a padà. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi, ṣùgbọ́n ọkọ̀ Wẹ́dà kì í ṣe ìgbín. Ọjọ́ tó máa lọ pé, ìwé Àǹtí kò tíì jáde. Bàbá ránṣẹ́ pe Wẹ́dà, ó fi téèpù wọn èjìká rẹ̀, ó sì rán ẹ̀wù òtútù nínípọn fún un.

"Má rò pé mo ti gbà o," ni Bàbá wí, bó ti ń gé òwú pẹ̀lú eyín. "Ọmọ ènìyàn kàn ò gbọ́dọ̀ wọ ihò lọ sílùú onílùú."

Wẹ́dà lọ. Nígbà tí ẹ́ńbásì dá ìwé náà padà, Abẹ́rẹ́ fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, àsìkò ìsinmi ọ̀sán Wẹ́dà ni fóònù máa ń dún. Abẹ́rẹ́ á lọ dúró síbi fèrèsé, á gbọ́ atẹ́gùn òkun lẹ́yìn ohùn rẹ̀, á gbọ́ tí irin ń lu irin lókèèrè. Ó máa ń dà bí ẹni pé òun náà wà níbẹ̀, pé òun ti na ọwọ́, tó ku díẹ̀ kí òun kàn án.

Lẹ́yìn náà fóònù dákẹ́. Ó dákẹ́ títí tí Abẹ́rẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí bá ara rẹ̀ jà. Ṣé ó ti rí ẹlòmíràn tí kò ní kí ó tọ ọ̀nà mẹ́rin kó tó fẹ́ òun? Ṣé ó ti sú u, kí èèyàn máa fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ṣe ẹrú ìwé ẹni tó ti kú? Ta ló sì lè bínú sí i? Ó ń rán ìwé àwọn ẹlòmíràn, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìwọ náà, sùúrù," ni Àǹtí wí. "Mo mọ ìlú yẹn. Ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ rí nǹkan níbẹ̀ kì í ráyè sọ̀rọ̀."

Òótọ́ ni. Wẹ́dà ti ń wọ rélùweè lọ sí ọ́fíìsì ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ náà, níbi tí wọ́n sin ọkọ Àǹtí sí, ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sọ ọ́ sílẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n ní kó padà wá. Wọ́n tún ní ẹni tó ń rí sí i kò sí. Fóònù rẹ̀ bọ́ sómi níbi iṣẹ́, kó tó rí òmíràn rà ó di ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó wá pe Abẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ ń fò lẹ́nu rẹ̀ bí iná irin.

"Ìyá kan ni. Arúgbó. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi ìka tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn wá síwájú: ẹ́ńbásì, ó ní mo mọ̀ ọ́n, ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, Ògbufọ̀, kóòtù, títí tí ìka rẹ̀ fi dúró lórí ọwọ́ Bàbá. Ó wo òwú, ó yí i padà, ó wo kókó. Ó ní, ‘Ta ló rán èyí?’"

"Kí lo sọ?"

"Mo ní ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni, tí ìyá bá lè tẹ òǹtẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, Abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́."

Ìwé tí ìlú náà kọ dé lẹ́yìn náà. Abẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìgéṣọ, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá àti Àǹtí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kà á pé ìlú gbà pé obìnrin yìí ni ìyàwó tí olóògbé náà fi sílẹ̀. Ó kà á pé orúkọ rẹ̀ lè wà lójú oórì náà. Ó kà á pé ó lè wá nígbàkigbà tó bá fẹ́.

"Ka ti ìyàwó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Àǹtí wí.

Abẹ́rẹ́ kà á. Bàbá dìde, ó da aṣọ bo máṣíìnì, ó ń wá bàtà.

"Níbo lẹ ń lọ?"

"Kóòtù ò tíì ti, àbí?"

"Bàbá, Sátidé lòní."

"Ó dáa. Mo ti wọ bàtà sílẹ̀ de Mọ́ńdè nìyẹn."

Ní Mọ́ńdè, akọ̀wé kan náà ló bá wọn. "Bàbá, ṣé ẹ búra pé ọmọ yín obìnrin kò ní ọkọ rí?"

"Mo búra. Kò ní ọkọ rí. Èyí tó fẹ́ ní yìí, wẹ́dà ni, ó ní sùúrù, kò sì fi ọ̀rọ̀ àgbà ṣeré."

"Bàbá, wọn ò béèrè ìyẹn lọ́wọ́ yín."

"Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Akọ̀wé kò kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí ìwé náà sí i. Bàbá fọwọ́ sí i láìdúró.

Wẹ́dà gba ìsinmi wálé, wọ́n so wọ́n pọ̀ ní kóòtù náà, ìwé tiwọn náà sì gba ọ̀nà kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó padà síbi iṣẹ́ lọ tún yàrá ṣe. Nígbà tí ọjọ́ ìrìn àjò Abẹ́rẹ́ pé, kò dá lọ. Bàbá sin òun àti Àǹtí dé ibi ọkọ̀ òfuurufú, ó ń ṣe bí ẹni tó ní eruku lójú.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n dé. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì ìwọlé jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tójú rẹ̀ kún fún oorun. Ó gba ìwé Àǹtí.

"Ta lẹ wá rí?"

"Ọkọ mi," ni Àǹtí wí ní èdè wọn. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Òṣìṣẹ́ náà wo òǹtẹ̀ tó kẹ́yìn, ó lu tirẹ̀. Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́.

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ọkọ mi."

Ó wò ó, ó lu òǹtẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o," ó ní ní èdè tiwọn, ó sì dá ìwé padà fún àwọn méjèèjì. Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí fúnra rẹ̀.

Wẹ́dà dúró lódìkejì nínú ẹ̀wù òtútù tí Bàbá rán fún un, pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́. Àǹtí ló kọ́kọ́ gbé òdòdó náà fún, nítorí ojú oórì ni wọ́n ń kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ yẹn kí wọ́n tó délé. Lẹ́yìn náà ló wá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó ṣófo sí ìyàwó rẹ̀.